Iṣẹ́ rẹ wà nígboro, ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, àbúrò mi pè mí láti Ìlá-Ọ̀ràngún. Àyà mi kọ́kọ́ já, torí ọmọ yìí kì í pe èèyàn láàárọ̀ kùtùkùtù. WhatsApp ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú pé mo tètè pè yín. Ibì kan l'Ékòó ló fẹ́ gbà mí fún IT, àmọ́ wọ́n ní kí n fi portfolio mi ránṣẹ́ kó tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Mo ní, "Ṣé ìyẹn náà le ni? Fi ránṣẹ́ sí wọn."

Ó dákẹ́. Ìgbà tó máa fèsì, ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì gbàgbé títí dòní ló sọ: "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ mi wà nígboro Ìlá, àmọ́ kò sí lọ́wọ́ mi."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí ọmọ yìí ti ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe iṣẹ́ ọnà. Òun ló ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó, póstà òkú àgbà, báńà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, kàlẹ́ńdà ilé ìwé, lọ́gò fún àwọn tó ń ta oúnjẹ. Iṣẹ́ tó ti ṣe á lé ní igba. Ṣùgbọ́n fóònù tó fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn jábọ́ lórí ọ̀kadà lọ́nà Òkè-Ìlá, kó tó padà síbẹ̀, ẹnì kan ti gbé e lọ. Èyí tó ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ náà sì ti pa wọ́n rẹ́ kí ààyè lè gbà á. Èyí tó gbé sórí status WhatsApp, gbogbo wa la mọ̀ pé wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ni ìyẹn ń lò.

Òṣogbo ni mo wà lọ́jọ́ náà. Mo wọ mọ́tò, mo forí lé Ìlá.

Ohun tí a rí nígboro

Ìgbà tí mo débẹ̀, a ò jókòó. Èmi àti ẹ̀ mú fóònù mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ rẹ̀ kiri ìlú bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. A rí báńà kan lára ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀ tán. A rí póstà òkú àgbà kan lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, òjò ti já ìdajì rẹ̀. A rí pátákó oúnjẹ ìyá kan nítòsí gáréèjì, ìyẹn ṣì dáa. Ìyá náà rí wa, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ṣe irú ẹ̀ ni?"

Ohun kan ló ń dùn mí bí a ṣe ń ya fọ́tò. Nísàlẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà fóònù ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde ló wà níbẹ̀, gàdàgbà gadagba. Orúkọ ẹni tó jókòó tó ronú, tó yan lẹ́tà, tó yan àwọ̀, tó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà torí pé mọ̀lẹ́bí òkú ń yí ọkàn padà, kò sí níbì kankan.

Lọ́yà ni mí. Nílé ẹjọ́, ẹni tó bá sọ pé nǹkan rí báyìí ló máa mú ẹ̀rí wá. Adájọ́ ò ní bá ọ rìn kiri ìgboro lọ wo báńà. Ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ náà ò ní bá ọ rìn. Ẹ̀rí yẹn gan-an ni portfolio. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́, kì í ṣe ibi tí a ti ń yangàn. Ó jẹ́ àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tó ń jẹ́rìí pé ìwọ lo ṣe é, tó sì ń sọ bí o ṣe ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìlá

Ìlá kì í ṣe ìlú tí iṣẹ́ ọnà ṣàjèjì sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Lámidì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ọmọ ìdílé agbẹ́gilére. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: Ọlọ́nàdé. Oníṣẹ́ ọnà ti dé. Nínú ilé ló ti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́, lẹ́yìn náà ló lọ sí Ọyẹ́-Èkìtì lọ kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ George Bándélé, ọmọ Areogun ará Òsì, ní ibi iṣẹ́ tí àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, ń darí. Bó ṣe ń gbẹ́gi títí nìyẹn tó fi di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ gbọ̀ngàn Odùduwà ní OAU á ti rí ère Odùduwà tó gbẹ́. Ní 2006, UNESCO dá a lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìṣúra alààyè ní ayé. Ó kú ní 2009.

Kí ló kan portfolio nínú èyí? Ó kàn án gan-an. Ẹ wọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹ ó rí ère Yorùbá tó rẹwà lóríṣiríṣi. Ẹ wá ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohun tí wọ́n kọ ni pé ará Yorùbá kan ló gbẹ́ ẹ, wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Nílé ńkọ́? Nílé, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ agboolé rẹ̀, wọ́n ń ki oríkì rẹ̀. Ère lọ, oríkì ò tẹ̀ lé e.

Fákẹ́yẹ kò jẹ́ kí tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀ sí lára. Ní 1996, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ẹnu ara rẹ̀ àti àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ jọ wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, portfolio nìyẹn. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni: iṣẹ́, orúkọ ẹni tó ṣe é, àti ọ̀nà tó gbà ṣe é.

Báńà tí àbúrò mi ṣe tí orúkọ rẹ̀ ò sí lára ẹ̀, ọ̀nà kan náà ni òun àti ère aláìlórúkọ yẹn jọ ń tọ̀.

Mẹ́fà tó ní ìtàn ju ogójì tí ò ní lọ

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, a jókòó. Fọ́tò tí a yà pẹ̀lú èyí tí àwọn oníbàárà rẹ̀ rí nínú fóònù wọn jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Ó fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Mo ní rárá. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ kò ní wo ogójì flyer. Tó bá wo márùn-ún tí wọ́n jọra, ó ti pa á dé.

Mo bi í léèrè pé, "Nínú gbogbo ẹ̀, èwo lo lè sọ ìtàn rẹ̀ fún mi láìwo ibì kankan?" Ó mú pátákó oúnjẹ ìyá ẹlẹ́bà yẹn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá yẹn fẹ́ kí n kọ iye owó gbogbo oúnjẹ sórí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ẹran ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa fi bébà lẹ̀ ẹ́, á rí wúruwùru. Mo wá fi ààyè funfun sílẹ̀ níwájú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè máa fi màkà kọ ọ́, kí wọ́n máa nù ún."

Mo ní kó kọ ohun tó sọ yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Kì í ṣe àwọ̀ ló máa sọ fún wọn pé ọmọ yìí ní làákàyè. Ìṣòro tó rí, ohun tí oníbàárà kọ́kọ́ fẹ́, ìdí tí òun fi gbà wọ́n nímọ̀ràn mìíràn, àti bí iṣẹ́ náà ṣe rí lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyẹn ló máa sọ ọ́. Tó bá ṣeé ṣe, fi àwòrán àkọ́kọ́ tí o fi bírò yà sínú ìwé síbẹ̀. Má tijú pé kò rẹwà. Ó ń fi hàn pé o ronú.

Iṣẹ́ kejì tó mú ni ìwé ètò ìsìnkú kan tó jẹ́ Yorùbá pátápátá, oríkì bàbá olóògbé wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Ẹ yan lẹ́tà tó dára, ẹ tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì, ni àmì bá fò lọ síbi tí kò yẹ, tàbí kí lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí àwọn tó kù. Ìdí ẹ̀ ni pé ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè tiwọn gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ṣe ni kọ̀ǹpútà ń mú lẹ́tà, tó ń mú àmì, tó ń tò wọ́n léra. Tí ẹni tó ṣe fọ́ńtì náà ò bá ronú kan irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, á dàrú. Àbúrò mi dán fọ́ńtì bíi mẹ́wàá wò kó tó dúró lórí Noto, fọ́ńtì ọ̀fẹ́ ti Google, torí pé àmì jókòó dáadáa lórí ẹ̀.

Mo bi í pé ṣé ó kọ èyí síbì kankan. Ó ní, "Ṣé ìyẹn náà jẹ́ nǹkan ni?" Ó jẹ́ nǹkan o! Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ bá Yorùbá tajà nílò ẹni tó mọ èyí, ọmọ Ìlá tó sì ti jà á ní àjàṣẹ́gun ń rò pé kò já mọ́ nǹkan kan.

Tí o kò bá tíì ní oníbàárà, fún ara rẹ níṣẹ́. Omi tó ń wó láti orí àpáta ní Òkè-Ìlá, Àyìkúnnugbá, wà níbẹ̀. Lọ wò ó, ya àwòrán ọ̀nà tí àlejò máa gbà débẹ̀, ṣe pátákó atọ́nà fún un. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwọ lo gbé iṣẹ́ náà fún ara rẹ, pé kò sẹ́ni tó bẹ̀ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Irọ́ ló ní ìtìjú.

Ibo ni kí o gbé e sí?

Behance wà, ọ̀fẹ́ ni, Adobe ló ni ín láti 2012. Dribbble wà. Ẹni tó bá mọ kóòdù díẹ̀ lè fi GitHub Pages ṣe ojú òpó tirẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fetí sí mi dáadáa: ilé onílé ni gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ lè yí òfin rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ lè bọ́ sọ́wọ́ olè. Nítorí náà, tọ́jú ojúlówó fáìlì rẹ síbi mẹ́ta: ọ̀kan lórí ẹ̀rọ rẹ, ọ̀kan lórí Google Drive, tí wọ́n ń fún èèyàn ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀kan nínú flash tó wà nínú ilé. Ká ní àbúrò mi ṣe bẹ́ẹ̀ ni, fóònù nìkan ni ìbá sọnù lọ́nà Òkè-Ìlá.

Ṣe PDF kan náà tí kò tóbi. Ẹ̀yin náà mọ bí dátà ṣe wọ́n. Ẹni tó ń wò ọ́ lè má ní sùúrù dúró de ojú òpó tó ń yí gbirigbiri. Tí o bá sì fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Tí o bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, lẹ́tà kéékèèké á sì di bàìbàì.

Ìtọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ò pè é bẹ́ẹ̀ ni. Láti 1973 tí ITF ti gbé ètò SIWES kalẹ̀, ẹni tó bá lọ fún IT gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sínú logbook, kí ọ̀gá rẹ̀ sì buwọ́ lù ú. Portfolio ni logbook tí ẹnikẹ́ni ò ní fipá mú ọ kọ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, jókòó tì í fún wákàtí kan. Fi iṣẹ́ tuntun kan sí i. Yọ èyí tó ti ń tì ọ́ lójú kúrò. Kọ oṣù àti ọdún sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tẹ gbogbo link wò, ṣé wọ́n ṣì ń ṣí. Oko tí a ò ro, igbó ló ń dà.

Ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé, "Oníbàárà ti sanwó, ṣé mo ṣì lè fi iṣẹ́ náà hàn?" Òfin Copyright Act ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fi ẹ̀tọ́ iṣẹ́ sọ́wọ́ ẹni tó dá a sílẹ̀. Àmọ́ ìwé àdéhùn lè gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíì, nítorí náà ka ohun tí o fẹ́ buwọ́ lù. Ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n mọ̀ ọ́ sí ẹni tó ṣe é náà wà nínú òfin. O ò sì nílò láti forúkọ iṣẹ́ sílẹ̀ níbì kankan kí ẹ̀tọ́ yìí tó jẹ́ tìrẹ.

Síbẹ̀, má gbójú lé òfin nìkan. Oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má ní ààlà. Kí o tó gba iṣẹ́, fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí láyè láti fi iṣẹ́ yìí hàn lára iṣẹ́ tí mo ti ṣe." Tí wọ́n bá ti fèsì pé kò burú, tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà tí Evidence Act ti 2011 ti wà, ilé ẹjọ́ ń gba ohun tó wá láti inú kọ̀ǹpútà bí ẹ̀rí, bí a bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀.

Ìwọ náà, má ṣe jí tẹlòmíì. Tí o bá lo template Canva, sọ ọ́. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ ṣe é, sọ apá tìrẹ. Tó bá jẹ́ pé AI ló ya àwòrán, sọ ọ́. Àṣírí máa ń tú, tó bá sì tú, iṣẹ́ tòótọ́ tí o ṣe náà á wọnú ẹ̀ lọ. Bó bá sì jẹ́ póstà òkú tàbí ìwé ìpè lo fẹ́ gbé síta, bo nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn èèyàn. Òfin ààbò dátà ti 2023 wà, ọ̀wọ̀ sì wà pẹ̀lú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ara wọn: "Lọ́yà, ó rọrùn fún yín láti sọ. Mi ò ní kọ̀ǹpútà, iná ò sí, dátà wọ́n." Òótọ́ ni. Mi ò ní purọ́ pé ọmọ tó wà ní Ìlá àti ọmọ tó wà ní Lẹ́kí jọ dúró lójú kan náà. Ṣùgbọ́n nítorí ìyẹn gan-an ni mo fi ń kọ èyí. Ọmọ Lẹ́kí lè ní ẹni tó mọ̀ ọ́n, tí á pe ẹnì kan fún un. Ìwọ tó wà ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀ràá, iṣẹ́ rẹ ló máa pè fún ọ. Kò wá lè pè bí kò bá lórúkọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà ńkọ́? Ọmọ á fi ọdún púpọ̀ kọ́ iṣẹ́ ọnà, á gbé iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sínú ìwé aláwọ̀ kan, wọ́n á tò ó sínú yàrá, eku á jẹ ẹ́. Kí ló dé tí a ò lè fún portfolio ní máàkì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ báńà, ìlà kan péré nísàlẹ̀, orúkọ ọmọ tó ṣe é, kí ló máa gbà lọ́wọ́ yín?

Àbúrò mi fi iṣẹ́ mẹ́fà ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n fèsì lọ́jọ́ Wẹ́sìdé pé ààyè ti kún, pé àwọn fẹ́ràn pátákó oúnjẹ yẹn, kó máa fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́. Ó dùn ún. Ó dun èmi náà. Ká ní ó ti wà nílẹ̀ ni, àárọ̀ Sátidé yẹn ni ìbá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Oṣù tó kọjá ni mo tún gba Ìlá kọjá. Báńà tuntun kan wà lára ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Mo ní kí dẹ́rébà rọra. Nọ́ńbà ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀, gàdàgbà gadagba. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kékeré tí àmì rẹ̀ pé, mo rí orúkọ àbúrò mi.